Àwa ẹgbẹ́ fẹ́ lọ wo ẹja lábẹ́ òkun ní Zanzibar, ọ̀pọ̀ wa ò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ_Ìsánlú

Òkun o, gbogbo ilé.

Àwa obìnrin mẹ́jọ tí a jọ jáde ilé-ìwé gírámà ní Ìsánlú là ń pé àádọ́ta ọdún lọ́dún yìí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń dá àjọ fún un, a sì ti fẹnu kò pé ìnáwó aṣọ ẹbí àti olórin ti tó gẹ́ẹ́, ìrìn àjò la ó fi owó náà rìn. Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, la mú. Ẹni tó ń bá wa ṣètò rẹ̀ láti Àbújá ti fi ètò ránṣẹ́. Ọjọ́ kan wà níbẹ̀ tí a ó wọ spíídíbóòtù láàárọ̀ lọ sí erékùṣù kan tó ń jẹ́ Mnemba. Gáìdì á fún kálukú ní máàsìkì tó bo ojú àti imú, páìpù tí a ó máa fi ẹnu mí, àti bàtà ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. A ó dojú dé ojú omi, a ó máa wo ẹja nísàlẹ̀. Snorkeling ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fún wa lóúnjẹ ọ̀sán, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó padà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú gúrúùpù wa. Nínú àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹnì kan péré ló lè lúwẹ̀ẹ́, Èkó ló sì ti kọ́ ọ. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, omi tó jìn jù tí mo ti fẹsẹ̀ wọ̀ láyé mi, orúnkún ló mọ. Àwọn méjì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnì kan ní òun ò ní fi irun tuntun wọ omi iyọ̀, ìyẹn náà di ìjà. Ṣé irú wa lè lọ? Kí ló yẹ ká bi aṣètò yìí ká tó san owó tó kù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá sí i.

Kọ́lá_Kàbbà

Ìyá wa, Ọ̀wẹ́ ni mí o, orí òkè la mọ̀. Ẹja tí à ń rà ní Lọ́kọ́jà, tí à ń rí nínú abọ́ ọbẹ̀, ṣé òun náà lẹ fẹ́ lọ fi dọ́là wò? 😀 Ẹ kú oríire àádọ́ta ọdún. Mo ti jókòó, mò ń gbọ́.

Ará_Dar

Kọ́lá, jẹ́ kí àwọn ìyá gbádùn ara wọn.

Ẹ kú ètò, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìyàrà ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Dar es Salaam, mo sì máa ń mú àlejò kọjá sí Zanzibar. Ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ lè lọ, wọ́n ń lọ lójoojúmọ́. Omi òkun ní iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, ó ń gbé ènìyàn sókè ju omi odò lọ. Tí ẹ bá wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì tó bá yín mu lé e, ojú omi lẹ ó wà. Ìpayà ló ń dá wàhálà sílẹ̀: omi díẹ̀ á wọ páìpù, ènìyàn á fò dìde, á máa ja ẹsẹ̀, á gbé omi iyọ̀ mì, ẹ̀rù á wá dì í mú. Nítorí náà ni gáìdì tó mọṣẹ́ kì í gbé ẹni tuntun jù sínú ibi tó jìn. Á kọ́kọ́ mú yín dúró níbi tí ẹsẹ̀ ti kan iyanrìn, kí ẹ ki ojú bọ omi, kí ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀. Tí omi bá wọ páìpù, ẹ fẹ́ ẹ jáde fúù lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń fẹ́ná. Ẹ lè ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Nígbà tí ẹ bá dé ojú agbami, gáìdì á wà nínú omi pẹ̀lú yín, òrùka ìlúwẹ̀ẹ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ ó dì mú, òun ni yóò máa fà yín kiri. Ẹ béèrè iye ènìyàn tí gáìdì kan ń bójú tó. Tí wọ́n bá ní ọkọ̀ kan, gáìdì kan, ẹ̀yin mẹ́jọ, ẹ ní kí wọ́n fi ẹnì kan kún un.

Ohun kan tí àwọn aṣètò kì í sọ ni pé wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gúnlẹ̀ sí Mnemba fúnra rẹ̀. Erékùṣù aládàáni ni, ilé ìtura olówó gọbọi kan ló wà lórí rẹ̀. Inú omi tó yí i ká lẹ ó wà, níbi àpáta iyùn (coral reef). Tí ìwé ètò yín bá kọ ọ́ pé ẹ ó jẹun lórí erékùṣù náà, ẹ bi í léèrè dáadáa. Omi ibẹ̀ ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba láti 2002, owó ìwọlé sì wà fún un. Ẹ béèrè bóyá ó ti wà nínú iye tó pè, torí lójú omi ni àwọn mìíràn ti máa ń gbọ́ ọ.

Ibi tí ẹ ó ti wọkọ̀ tún ṣe pàtàkì. Matemwe àti Muyuni dojú kọ erékùṣù náà gan-an, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 3 sí etíkun. Láti Nungwi, ọ̀nà gùn díẹ̀. Ẹ má sì gba aago tí aṣètò bá sọ gbọ́ tán, omi ló ń pinnu. Ó ń kún, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, nígbà oṣù tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó mítà 4. Tí omi bá fà ní ìhà ìlà-oòrùn, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn nínú omi tẹ́ẹ́rẹ́ títí tí ẹ ó fi bá ọkọ̀, àwọn ẹranko ẹlẹ́gùn-ún dúdú sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mú bàtà rọ́bà tí kì í bọ́ lẹ́sẹ̀ dání.

Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ?

Ọmọ_Ìsánlú

Àbúrò, o ṣeun gan-an ni. Oṣù Kẹjọ là ń wò torí àwọn olùkọ́ tó wà láàárín wa, ilé-ìwé á ti wọ ìsinmi.

Ará_Dar

Oṣù Kẹjọ kò burú, òjò ti lọ. Masika, òjò ńlá, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kúsì máa ń fẹ́ láti gúúsù nígbà náà, ìgbì máa ń pọ̀ lápá ìlà-oòrùn. Ẹ fi ọjọ́ snorkeling náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, kì í ṣe ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ẹ padà wálé. Tí ọ̀gákọ̀ bá ní òkun le lónìí, ọjọ́ mìíràn á wà tí ẹ lè sún un sí. Ẹ béèrè pẹ̀lú: tí ó bá fagi lé e, ṣé ẹ máa gba owó yín?

Awakọ̀_Lọ́kọ́jà

Ẹ kú ìjíròrò. Etí odò Lọ́kọ́jà níbí ni mo ti wa ọkọ̀ omi kí n tó fẹ̀yìn tì. N ò dé Zanzibar rí, àmọ́ ọkọ̀ tó ń sáré lójú omi, ìwà rẹ̀ kan náà ni níbi gbogbo. Ẹni tó bá mọ ibi tí Ọya àti Benue ti pàdé mọ̀ pé omi lè tòrò minimini láàárọ̀, kí atẹ́gùn sì ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn kí oòrùn tó wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tètè lọ, kí ẹ sì tètè padà.

Ìjókòó: iwájú spíídíbóòtù ló máa ń fò sókè tó sì ń já lulẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ̀yin ẹni àádọ́ta ọdún, tí ẹ̀yìn ń dun ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó jókòó sí, kó di nǹkan mú, kó má ṣe nàró. Aboyún ò ní nǹkan kan í ṣe nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì: ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o jọ sábẹ́ ìjókòó kí wọ́n ní ó wà. Ẹ wọ̀ ọ́ nílẹ̀, ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹnì kejì yín wá mú un léjìká méjèèjì kó fà á sókè. Tó bá gòkè dé etí, ó tóbi jù fún yín. Tẹ́ ẹ bá dé inú omi, òun á lé sókè, ẹ̀yin á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ títí ẹ ó fi rí èyí tó bá yín mu. Àwọn obìnrin ń ti ara wọn lójú láti ṣe èyí níwájú ọkùnrin. Ẹ má tijú.

Èyí tó kù, ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fò sínú omi, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ gun àkàbà padà sínú ọkọ̀, àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú pátápátá. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ẹ ò ní rí i. Ẹ wo ọwọ́ awakọ̀: okùn pupa kan máa ń wà tó so mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó bá ṣubú, okùn náà á já kúrò, ẹ́ńjìnnì á kú. Awakọ̀ tó fi okùn yẹn kọ́ sára ẹ́ńjìnnì láìso ó mọ́ ara, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ẹ béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì méjì ló wà, tàbí ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ni wọ́n máa ṣe tó bá kú lójú agbami, ta ni wọ́n máa pè?

Tí aṣètò bá fèsì pé "ẹ má ṣèyọnu, wọ́n ti mọṣẹ́ wọn", ẹ mọ̀ pé kò tíì dáhùn.

Kọ́lá_Kàbbà

Bàbá, ẹ ti dẹ́rù bà wọ́n.

Awakọ̀_Lọ́kọ́jà

Ọmọ mi, mi ò dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n á lọ, wọ́n á sì gbádùn. Àwọn tí kì í béèrè ni mò ń bẹ̀rù fún.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ káàbọ̀ ẹ̀yin àǹtí mi. Lórí àwọn méjì tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: kí wọ́n lọ rí dókítà wọn ní báyìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ, kí wọ́n sọ fún un ní tààrà pé inú omi làwọn ń lọ. Tí ara bá wọ omi dé ọrùn, ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ máa ń rọ́ lọ sí àyà, iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró á sì pọ̀ sí i. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, kò já mọ́ nǹkan. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tíì wálẹ̀, ó lè fa kí omi kó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnikẹ́ni tí èémí bá ń ṣe hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú omi, kó gbé ọwọ́ sókè, kó jáde lójú ẹsẹ̀. Kó má sọ pé òun fẹ́ fara dà á.

Òòyì ọkọ̀ omi: ẹ lo oògùn rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Lẹ́yìn tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn ò ní dúró nínú yín. Cinnarizine, wákàtí méjì ṣáájú ni wọ́n máa ń lò ó. Promethazine náà ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ó ń kun ènìyàn lóorun, èmi ò ní fún ẹni tó fẹ́ wọ òkun. Ẹ bi oníṣègùn yín bóyá ó bá oògùn tí ẹ ń lò mu. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jẹun díẹ̀, ẹ má jẹ iyán yó bí ẹni ń lọ sóko. Tí òòyì bá ń kọ́ yín nínú ọkọ̀, ẹ wo ọ̀nà jíjìn níbi tí òkun àti òfurufú ti pàdé, ẹ má wo fóònù.

Ìdòwú_Mọ̀pà

Èmi ti lọ. Ọ̀rọ̀ irun ni mo bá wá, torí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi.

Ẹ má ṣe irun dídì tó nípọn sí iwájú orí. Bí irun kan ṣoṣo bá há sí abẹ́ rọ́bà máàsìkì, omi á máa wọlé. Ẹ dì í sẹ́yìn, kó lọ sílẹ̀, kí okùn máàsìkì lè gba òkè rẹ̀ kọjá. Wíìgì, ẹ fi sílé ìtura. Fìlà onírọ́bà àwọn alúwẹ̀ẹ́ dára, àwọn obìnrin tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sírun náà ń lò ó. Àti pé ẹ yan máàsìkì yín fúnra yín, ẹ má gba èyí tí wọ́n bá ṣáà nawọ́ rẹ̀ sí yín. Bí ẹ ó ṣe dán an wò rèé: ẹ gbé e lé ojú láìfi okùn dè é, ẹ fa èémí sí imú díẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ ọwọ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò jábọ́, tiyín ni. Tó bá jábọ́, ẹ mú òmíràn. Kí ooru èémí má bàa bo ojú gíláàsì, ẹ tutọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi ìka pa á, ẹ fi omi òkun ṣàn án. Mo rí arábìnrin kan tó ní ìyẹn dọ̀tí, kò rí ẹja kankan títí a fi ṣe tán. 😂

Ẹni tó ń lo gíláàsì ojú ò lè wọ̀ ọ́ sábẹ́ máàsìkì, àmọ́ lẹ́ǹsì ojú ṣeé lò. Àwọn kan ní máàsìkì tó ní gíláàsì àwòkàwé nínú.

Ẹjọ́ tí mo ní nìyí. Ẹni tó ṣètò fún wa ní ọkọ̀ wa nìkan ni. A débẹ̀, a bá àwọn àjèjì nínú rẹ̀ tí wọ́n ti kún un, ọkọ̀ mìíràn sì tò yí Mnemba ká bí ẹni wá ra ọjà Kàbbà. Ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú mi ń gbá mi lójú. Ìgbà tí gáìdì wa darí wa sí ìhà kejì níbi tí èrò ò pọ̀ ni mo tó rí nǹkan: ẹja kan tó láwọ̀ búlúù pẹ̀lú yẹ́lò, tinrin bí ewé, ó ń já nǹkan jẹ lára àpáta iyùn, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀, kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́, nínú omi. Kò sá fún mi. Mo gbàgbé pé mo wà lókè omi jíjìn. Ó tó owó, ṣùgbọ́n ẹ gbà á sílẹ̀ nínú ìwé pé ọkọ̀ yín nìkan ni, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé yín lọ láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ọmọ_Ìsánlú

Ìdòwú, ọ̀rọ̀ irun ti parí ìjà wa. O ṣeun.

Ẹnì kan nínú wa ti rí máàsìkì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bo gbogbo ojú, imú àti ẹnu pọ̀, ó ní òun lè fi imú mí nínú rẹ̀, pé ìyẹn rọrùn jù fún aláìmọ̀kan. Ó fẹ́ ra mẹ́jọ. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Èmi ò fọwọ́ sí i. Èyí tí wọn ò ṣe dáadáa, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn mí jáde ló tún máa mí padà, orí á fọ́, òòyì á kọ́ ọ. Tí ìpayà bá sì dé, kò ṣeé bọ́ kíá.

Ìdòwú_Mọ̀pà

Màmá Nọ́ọ̀sì, mo rí àwọn tó lò ó tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Èyí tó ti ilé-iṣẹ́ tó dára wá yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Ó lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́jọ tí wọ́n rà lọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò mọ èyí tó dára? Máàsìkì lásán àti páìpù, tẹ́ ẹ bá tu páìpù sílẹ̀ lẹ́nu, ẹ ti ń mí. Mo dúró lórí ìyẹn.

Ará_Dar

Mo wà lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì. Púpọ̀ nínú àwọn gáìdì tí mo mọ̀ ò fẹ́ rí i.

Kọ́lá_Kàbbà

Ó dáa, mo ní ìbéèrè gidi báyìí. Kí ló dé tí a ò lè ṣe èyí nílé? Òkun wà ní Èkó, odò wà ní Lọ́kọ́jà. Kí ló wà ní Zanzibar tí kò sí níbí?

Tíṣà_Báọ́

Kọ́lá, o béèrè ohun tó yẹ. Àpáta iyùn kì í ṣe òkúta, ilé tí àwọn ẹranko kéékèèké kọ́ ni, ọ̀wọ́ kan lé èkejì lórí. Inú ara àwọn ẹranko náà ni àwọn ewéko tíńtín kan ń gbé, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún onílé. Nítorí náà, wọ́n nílò omi tó mọ́ gaara, tó gbóná níwọ̀nba, tó sì ní iyọ̀. Ọya ń gbé ẹrẹ̀ àti omi tí kò ní iyọ̀ lọ sínú òkun wa láìdáwọ́ dúró. Oòrùn ò lè gba irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá, nítorí náà kò sí irú àpáta iyùn bẹ́ẹ̀ ní etíkun Nàìjíríà. Omi tó ń fún àwọn apẹja Lọ́kọ́jà lóúnjẹ ni kò jẹ́ kí iyùn hù ní tiwa.

Àwọn ìyá wa, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án o, ẹ má sì dúró lé e. Ibi tí ẹsẹ̀ kan bá fọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà kó tó hù padà, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lọ́dún. Tí omi bá gbóná jù, wọ́n máa ń lé àwọn ewéko inú wọn jáde, wọ́n á sì di funfun. Ní 1998 irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ káàkiri òkun Íńdíà, ọ̀pọ̀ iyùn ló kú. Ìpara oòrùn náà lè dá kún un: ní Hawaii, wọ́n ṣe òfin ní 2018 tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó ní kẹ́míkà oxybenzone tàbí octinoxate nínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Ẹ kúkú wọ aṣọ apá gígùn tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Oòrùn ń jó ẹ̀yìn aláwọ̀ dúdú náà, pàápàá tí ènìyàn bá dojú bolẹ̀ lójú omi fún wákàtí kan.

Ẹ wo ibi tí ọ̀gákọ̀ ń ju ìdákọ̀ró sí pẹ̀lú. Okùn tó wà lójú omi lórí bọ́ọ̀lù ńlá ló yẹ kó so ọkọ̀ mọ́, kì í ṣe kó ju irin lé orí iyùn.

Ará_Dar

Tíṣà, ẹ ṣeun. Tí àwọn méjì tí dókítà ń wò bá ní àwọn ò ní wọ omi, ohun tí wọ́n lè ṣe wà. Erékùṣù Changuu wà nítòsí Stone Town, ìlú àtijọ́ Zanzibar, àwọn kan ń pè é ní Prison Island. Wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ ní 1893, àmọ́ ibi ìyàsọ́tọ̀ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní ibà pọ́njú ni wọ́n padà lò ó fún. Àwọn ìjàpá ńláńlá tí wọ́n kó wá láti Seychelles ní 1919 ṣì ní àtọmọdọ́mọ níbẹ̀, àwọn kan lára wọn ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọkọ̀ ibẹ̀ kì í pẹ́ rárá, ìgbì rẹ̀ ò sì le tó ti Mnemba.

Kọ́lá_Kàbbà

Ìjàpá tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ! Aláàbahun àgbà. Ìyẹn ni èmi á san owó wò.

Ọmọ_Ìsánlú

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo fi àwọn ìbéèrè Bàbá Awakọ̀ ránṣẹ́ sí aṣètò náà lánàá. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì wà, ẹ́ńjìnnì méjì ni, gáìdì méjì yóò wà nínú omi pẹ̀lú wa. Nígbà tí mo bi í nípa gígúnlẹ̀ sí Mnemba, ó dákẹ́ títí, ó wá ní òun yóò tún ìwé ètò ṣe. Owó ìwọlé ò sí nínú iye tó kọ́kọ́ pè, a ti fi kún un báyìí. Kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ owó ìdápadà tí òkun bá le, mo sì ti sọ fún un pé a ò ní san èyí tó kù títí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn méjì tó ń lo oògùn ń lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Tí wọn ò bá gba ìyọ̀ǹda, Changuu ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ yẹn. Àwa mẹ́fà tó kù ti ń wá ilé ìtura tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní Lọ́kọ́jà, ká lè kọ́ bí a ṣe ń ki ojú bọ omi kí a tó lọ. Ó ku nǹkan mìíràn tí a ní láti múra sílẹ̀ fún?

Ará_Dar

Láti 1 oṣù Kẹwàá 2024, gbogbo àlejò tó bá wọ Zanzibar ló gbọ́dọ̀ ra ìdójútòfò ìrìn àjò ti ìjọba ibẹ̀, dọ́là 44 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì fi báàgì aṣọ kó ẹrù yín. Tanzania ti fòfin de báàgì nylon láti oṣù Kẹfà 2019, ẹni tó bá di gààrí àti ẹ̀pà sínú nylon ọjà, pápákọ̀ ni yóò ti tú u.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Káàdì yẹ́lò náà, torí ìlú tí ibà pọ́njú wà lẹ ti ń lọ, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbà á rí ò nílò òmíràn, títí ayé ni. Kí ẹni tí kò rí káàdì tirẹ̀ mọ́ tètè lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ìlera ní pápákọ̀, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò.